Lẹ́nu Ìkòkò

Torníkè, ọmọ mi,
mo fọ ìkòkò wáìnì kẹrin lónìí, èmi nìkan.
Mi ò wọ inú rẹ̀. Èjìká mi ò gba ẹnu rẹ̀ kọjá mọ́,
orúnkún náà kì í sì í gbọ́ràn.
Mo so èèpo igi ṣẹ́rì mọ́ ọ̀pá gígùn,
mo ń fi ha ìsàlẹ̀
bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìwọ lo máa ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀.
Ọmọ ọdún méje, o tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀ka àjàrà.
Ìyá rẹ á ká ṣòkòtò rẹ dé itan,
màá de okùn mọ́ ọ níbàdí,
ẹsẹ̀ rẹ á kọ́kọ́ wọlé, ikùn á tẹ̀ lé e,
orí rẹ á wá rì sínú ilẹ̀ àgbàlá wa
bí òkúta ṣe ń rì sínú odò Alasáni.

Èémí wáìnì èṣí kì í ṣe ohun eré.
A kì í rí i. Ṣùgbọ́n ó mú Ramásì, ọmọ aládùúgbò wa,
sun oorun tí kò jí mọ́.
Ìdí nìyẹn tí Bidsínà bàbá mi fi kọ́ mi, tí mo fi kọ́ ọ:
ẹni tó wà lókè á ju ẹsẹ kan sísàlẹ̀,
ẹni tó wà nísàlẹ̀ á fi ẹsẹ kejì dá a lóhùn.
Bí kò bá dáhùn, fa okùn.

Mo ní, "Torníkè, kí ni àjàrà wí fún ọ̀bẹ?"
O ní, ohùn rẹ tóbi jù ọ́ lọ nínú amọ̀ yẹn,
"Ó ní, gé mi kúrú, kí n lè so pọ̀."
Mo ní, "Ta ló sùn sábẹ́ igi láàárọ̀?"
O ní, "Bàbá mi ni, ó ní òun ń ka ewé."
Mo rẹ́rìn-ín títí okùn fi ń mì lọ́wọ́ mi.

Ní ọjọ́ kan, o dákẹ́.
Mo ka ení, mo ka èjì,
mi ò ka ẹ̀ta. Mo fà ọ́ yọ, ìgbọnwọ́ rẹ bó lẹ́nu ìkòkò.
O ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ tó bá a mu ni mò ń wá."
Mo gbá ọ létí.
Lẹ́yìn náà mo lọ sunkún lẹ́yìn ọgbà.
Mi ò tíì sọ ìyẹn fún ọ rí.

Ó di ọdún mẹ́fà tó o ti wà ní Pólándì,
ò ń di ẹja sínú páálí lóru.
Ò ń fowó ránṣẹ́, Ọlọ́run á bù sí i fún ọ,
òun la fi pààrọ̀ páànù òrùlé.
Ṣùgbọ́n owó kì í ṣe ẹsẹ kejì.
Mo pè ọ́ lórí fóònù, o ní, "Dáadáa ni, Bàbá."
Mo tún pè, ó pẹ́, kò pé: "Dáadáa ni."
Mo mọ dáadáa. Dáadáa kọ́ nìyẹn.

Mi ò ní kó o wálé. Má ṣì mí gbọ́.
Mi ò kàn mọ bí ibi tó o wà ṣe jìn tó,
mi ò mọ irú èémí tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀.
Okùn mi ò gùn dé ọ̀dọ̀ rẹ.
Ẹsẹ̀ ti gbé ọ lọ. Ẹsẹ nìkan ló kù tí mo lè jù.

Láàárọ̀ yìí mo dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kẹrin yẹn,
mo ki orí bọ ẹnu rẹ̀, mo sọ ọ́ síbẹ̀.
Ohùn mi ló padà wá bá mi. Ó ti darúgbó.

Mo wá kọ ọ́ síbí, tàṣìkọ tàṣìkọ.
Bó o bá ṣíwọ́ lóru, tó o bọ́ ìbọ̀wọ́,
tí ìka rẹ ṣì ń rùn ẹja,
fi èyí tó kù ránṣẹ́ sí mi.
Kò pọn dandan kó dùn. Kò pọn dandan kó bá a mu.

Yìnyín já lu ọgbà wa lálẹ́ àná, ó ba ìlà mẹ́ta jẹ́,

Mo ti di okùn mú, Torníkè.
Mo ti ka ení. Mo ti ka èjì.